Ọ̀nà Tí Màlúù Gbà Dé Ìkòkò: Ìtàn Ẹran Sísè ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Sítéèkì, ìyẹn ègé ẹran màlúù tó nípọn, tí a dín tàbí tí a yan láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, kò sí lára oúnjẹ àbáláyé ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìtàn bí màlúù ṣe ń dé ìlú méjèèjì, bí alápatà ṣe ń gé e, àti bí àkókò tó wà láàárín ọ̀bẹ àti ìkòkò ṣe kéré tó.

Orí ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú àtijọ́ tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, dé ní 1826. Ẹṣin ni agbára ọmọ ogun ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà àríwá ni wọ́n ti ń rà á, nítorí pé eṣinṣin tí ń fa àrùn sùnrunsùnrun kì í jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ sí i nílẹ̀ Yorùbá. Eṣinṣin yìí kan náà ni kò jẹ́ kí màlúù ńlá oníké gbilẹ̀. Màlúù kúkurú tí kò ní iké, tí ara rẹ̀ lè gba àrùn náà dúró, ni àwọn àgbẹ̀ lè sìn, ìwọ̀nba sì ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1836, tí Aláàfin Àtìbà sì fìdí kalẹ̀ sí Àgọ́-Ọ̀jà, tí í ṣe Ọ̀yọ́ òde òní, ìlú tuntun náà tún sún mọ́ igbó ju ti àtijọ́ lọ.

Ní àtijọ́, ẹsẹ̀ ni màlúù oníké fi ń rìn wá, tí àwọn darandaran Fúlàní ń dà á gba Ìlọrin kọjá. Ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò sì kan Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà ẹsẹ̀ ni màlúù ṣì fi ń dé ibẹ̀. Ìrìn jíjìn bẹ́ẹ̀ a máa jẹ ọ̀rá ara ẹran run, a sì máa mú kí iṣan rẹ̀ yi.

Ní odò ẹran, ìyẹn ibi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù, ìdájí ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láìsí ẹ̀rọ amóhuntutù, ẹran gbọ́dọ̀ tà kí ọjọ́ tó rọ̀. Lẹ́yìn tí ẹranko bá kú, iṣan rẹ̀ a máa gan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì di ọjọ́ bíi mélòó kan nínú òtútù kí ó tó tún rọ̀ dáadáa. Nígbà tí ó ṣì ń gan yìí ni ìyàwó ilé ń gbé e kaná. Alápatà kì í sì í ya iṣan kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: ẹran ẹ̀yìn tó rọ̀ àti ẹran itan tó yi ń lọ papọ̀, a sì ń fi ṣàkì, fùkù, àbọ̀dí àti ẹ̀dọ̀ kún un, èyí tí a mọ̀ sí orísìírísìí. Nítorí náà ni a ṣe ń fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ ẹran pẹ́, títí àwọn okùn tó so iṣan pọ̀ yóò fi yọ́ sínú omi rẹ̀, kí a tó dín in, kí a sì tó kó o sínú ata. Ọgbọ́n tó péye ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á sí àìmọ̀kan.

Àwọn Haúsá onísúyà gba ọ̀nà mìíràn yanjú ìṣòro yìí kan náà: wọ́n ń gé ẹran ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n fi yájì, ìyẹn ata súyà, pa á lára, wọ́n sì gún un mọ́ igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Súyà ni ìbátan sítéèkì tó sún mọ́ wa jù.

Lóde òní tí ẹ̀rọ amóhuntutù ti wọ ilé, ẹni tó bá fẹ́ dín sítéèkì lè bá alápatà sọ ọ́ ṣáájú kí ó tó gé ẹran wẹ́wẹ́, kí ó bèèrè iṣan tó tẹ̀lé eegun ẹ̀yìn, èyí tí kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀ nígbà ìrìn, lára màlúù tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú òtútù, kí ó gé e ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ó fi iyọ̀ sí i, kí ó nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ó sì gbé e sínú páànù irin tó ti gbóná gidigidi. Bí ó bá jinná, kí ó sinmi díẹ̀ kí a tó gé e lódì sí ìlà iṣan. Ó yẹ kí àwọn alápatà ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya iṣan ẹ̀yìn yìí sọ́tọ̀ fún títà.