Ẹja ibú òkun nínú yàrá ní Bajulaiye: ooru àti iná NEPA ni wàhálà

Ẹja kékeré pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prognathodes marcellae. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni ilé rẹ̀, láàárín àpáta abẹ́ òkun, níbi tó lè jìn kọjá mítà 50. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín nínú táǹkì onígíláàsì ní Bajulaiye, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Omi ibú tutù. Omi inú yàrá l'Ékòó lè gbóná dé ìwọ̀n 30 lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 24 ló dáa fún un. Ẹ̀rọ amómitutù di dandan nìyẹn, iná ló sì ń lò. Tí NEPA bá múná lọ, kì í ṣe ooru nìkan: omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì, kó má tíì rà á.

Omi ọ̀sà Bàrígà ò ṣeé lò o. Iyọ̀ rẹ̀ ò tó, òjò tún ń bu omi là á. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ń tà fún táǹkì ni kẹ́ ẹ pò, bíi gíráàmù 35 sí lítà kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo bó ṣe ń wẹ̀. Ẹja tí wọ́n yára fà sókè láti inú ibú, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á kàn máa léfòó. Ẹ ní kí wọ́n fún un ní edé lójú yín. Tí kò bá jẹ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.