Àlejò Ìgbà: Ìpadàbọ̀ Ògún sí Ìrè-Èkìtì àti Àwàdà Ìrìn-àjò Sínú Ìgbà Nínú Eré Kátúùnù

Ìfáárà

Nínú eré kátúùnù, ìyẹn eré tẹlifíṣọ̀n tí a fi àwòrán yíyà gbé kalẹ̀ dípò òṣèré, ìtàn kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fi sílẹ̀ pẹ́: ìtàn ẹni tí ó kúrò ní ìgbà tirẹ̀, tí ó bọ́ sí ayé àtijọ́ tàbí sí ayé tí kò tíì dé, tí àṣìṣe rẹ̀ níbẹ̀ sì ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìrìn-àjò sínú ìgbà. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹ̀rọ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pé láti 1895 tí ìwé H. G. Wells nípa ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn la ìgbà kọjá ti jáde ni irú ìtàn yìí ti di ti àwọn òyìnbó, àti pé Yorùbá tó bá fẹ́ ṣe é, yíyá ni yóò yá a lò. Àpilẹ̀kọ yìí kò gba èrò náà wọlé. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé àìmọ̀ àlejò ni ó ń gbé irú ìtàn yìí ró, kì í ṣe ẹ̀rọ, àti pé ìtàn bí Ògún ṣe padà sí Ìrè-Èkìtì ti ní gbogbo ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílò tipẹ́tipẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ohun tí ń gbé àwàdà náà ró

Àpẹẹrẹ méjì láti Amẹ́ríkà yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni apá kan nínú The Simpsons tí wọ́n fi hàn ní 30 oṣù Kẹwàá, 1994, èyí tí ó ń fi ìtàn tí Ray Bradbury kọ ní 1952 ṣe ẹ̀fẹ̀. Homer, bàbá ilé nínú eré náà, tún ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì ṣe, ẹ̀rọ náà sì gbé e lọ sí ayé ìgbà tí ènìyàn kò tíì sí. Ó pa ẹ̀fọn kan ṣoṣo níbẹ̀, nígbà tí ó sì fi máa padà dé, aládùúgbò rẹ̀ tí kò fẹ́ràn ti di ọba lórí gbogbo ayé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ó fi bọ́ sí ayé kan tí ilé rẹ̀ ti di ilé olówó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ ìwà hù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó béèrè dónọ́ọ̀tì, ìyàwó rẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ni Homer bá ké tòò, ó sì sá kúrò. Kò tíì lọ tán tí dónọ́ọ̀tì fi ń rọ̀ bí òjò lóde, nítorí pé òjò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òǹwòran rí òjò náà, Homer kò rí i, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rín ti bẹ́.

Èkejì ni apá kan nínú Futurama tí ó jáde ní 9 oṣù Kejìlá, 2001, tí ó sì gba ẹ̀bùn Emmy ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Fry, olú-ẹ̀dá ìtàn eré náà, bá ara rẹ̀ ní ìlú Roswell ní 1947, níbi tí ó ti bá ẹni tí ó gbà pé bàbá bàbá òun ni pàdé. Kí ohunkóhun má baà ṣe ọkùnrin náà, ó tì í mọ́ inú ilé kan ní aginjù, láìmọ̀ pé ilé náà ni àwọn ológun fẹ́ fi dán bọ́ǹbù wò. Ọkùnrin náà kú, Fry bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lò pọ̀, ó sì di bàbá-àgbà ara rẹ̀. Nínú eré méjèèjì, ohun mẹ́ta ló kóra jọ: àlejò gbé òye ìgbà tirẹ̀ lọ síbi tí kò ti wúlò, ibi tí ó dé ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, òǹwòran sì mọ ohun tí ó fara sin fún un. Òwe Yorùbá pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já.

Ìpadàbọ̀ Ògún

Ìrè-Èkìtì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, ní àríwá ìpínlẹ̀ Èkìtì. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu tí a mọ̀ jù, Ògún ṣẹ́gun ìlú náà, ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ Onírè, ó sì padà sójú ogun fún ọdún gbọọrọ. Ọjọ́ tí ó padà wọ̀lú bọ́ sí ọjọ́ àjọ kan tí èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó kí àwọn tí ó bá ní ìjókòó, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó rí àwọn akèrègbè ẹmu tí wọ́n wà ní ìnàró, bẹ́ẹ̀ ẹmu ni ènìyàn máa ń retí nínú akèrègbè tí a kò dà dùbúlẹ̀. Ó gbé e, òfìfo ni. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí àfojúdi, ó fa idà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ orí àwọn ènìyàn. Ìgbà tí àkókò èèwọ̀ náà kọjá tí ẹnu tú ni wọ́n tó lè ṣàlàyé fún un, tí wọ́n sì gbé ajá, ìgbín, epo àti ẹmu wá bá a. Ògún kábàámọ̀, ó ti idà rẹ̀ bọlẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó ti ṣèlérí pé òun yóò dáhùn bí wọ́n bá ké pe òun nígbà ìṣòro.

Bí a bá gbé ìtàn yìí sí ẹ̀gbẹ́ eré méjì òkè yìí, ìbáramu wọn kò ṣe é sẹ́. Òfin ojú ogun ni Ògún gbé wọ̀lú, níbi tí ẹni tí kò bá dáhùn ìkíni ti jẹ́ ọ̀tá. Òfin àjọ ni ìlú ń tẹ̀ lé. Ẹni tí ń gbọ́ ìtàn sì ti mọ̀ nípa èèwọ̀ náà kí Ògún tó fọwọ́ kan akèrègbè. Bí Fry ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bò nínú ìdílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ògún ṣe pa àwọn tí ọmọ rẹ̀ ń jọba lé lórí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rín àti ẹkún níhìn-ín kò ju pé idà wà lọ́wọ́ àlejò.

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Homer lè tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lọ tún ìgbà ṣe. Ògún kò ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìlú ni ó ń lọ bá a. Ní oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Ògún Onírè ní Ìrè, níbi tí wọ́n ti ń fi ajá àti ẹmu bọ ọ́, tí wọ́n sì ń fi ohùn kíkankíkan kì í. A lè ka ọdún náà sí àtúnṣe tí ìlú ń ṣe sí ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí ohùn àti ẹmu ni ohun méjì tí Ògún kò rí lọ́jọ́ náà.

Kátúùnù ilẹ̀ Yorùbá lóde òní

Kì í ṣe pé àwọn ayàwòrán ọmọ Yorùbá kò tíì fi ìgbà ṣeré. Iwájú, tí Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali gbé jáde ní 28 oṣù Kejì, 2024, ní apá mẹ́fà, ó sì fi Èkó ọjọ́ iwájú hàn láti ojú Tola, ọmọ olówó ní Erékùṣù, àti Kole, ọmọ tálákà tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Moremi, tí Shofela Coker darí, jẹ́ ọ̀kan nínú fíìmù kúkúrú mẹ́wàá tó wà nínú Kizazi Moto ti 2023. Nínú rẹ̀, Luo, ọmọ tí ó ti di ẹ̀mí, ní láti ran onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Moremi lọ́wọ́ láti padà wọ inú ìrántí rẹ̀ tó korò. Iyanu, tí Roye Okupe dá sílẹ̀ láti inú ìwé aláwòrán rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Kẹrin, 2025, ó sì gbé ìtàn rẹ̀ ka ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá.

Iṣẹ́ ńlá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nínú Iwájú, kò sí ará Èkó òde òní tí ó bọ́ síbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nínú Iyanu, gbogbo ènìyàn ló wà ní ìgbà tirẹ̀. Nínú Moremi, a padà sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ni ó gbé wa lọ. Ìgbà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àlejò aláwàdà ni kò sí.

Àtakò méjì

Ẹnìkan lè sọ pé ogun ni Ògún lọ, kò la ìgbà kọjá. Èsì rẹ̀ ni pé Fry náà kò lo ẹ̀rọ ìrìn-àjò sínú ìgbà kankan nígbà tí Futurama bẹ̀rẹ̀ ní 1999: ó ṣubú sínú ẹ̀rọ amúǹkantutù ni, ó sì jí lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tí ìtàn ń béèrè ni kí àlejò dé nígbà tí òye rẹ̀ kò bá ti ibẹ̀ mu mọ́, ọ̀nà yòówù kí ó gbà dé.

Àtakò kejì wúwo jù: òrìṣà kì í ṣe ohun àwàdà. Ó tọ́ kí a bọ̀wọ̀ fún èrò náà, ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ya ẹ̀rín kúrò lára ohun mímọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àìsùn Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Àwọn ọlọ́jẹ̀ apidán sì máa ń gbé ẹ̀kú Òyìnbó àti ti Tápà, kí òǹwòran lè fi àlejò tí kò mọ àṣà rẹ́rìn-ín. Kò sì pọn dandan kí a fi Ògún fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá gba idà lọ́wọ́ ìtàn náà, tí a fi ọmọ Ìrè òde òní kan sí ọjọ́ àjọ yẹn, tí fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò rẹ̀ láàárín àwọn àgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ fọhùn bá a wí, àwàdà ti pé.

Ìgúnlẹ̀

Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ fún òǹwòran tí kò mọ èèwọ̀ ọjọ́ náà. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní Nàìjíríà, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà sì ni ìjọba àpapọ̀ tó kéde ìdápadà rẹ̀. Ọmọ tí ó dàgbà láàárín ìgbà náà lè wo akèrègbè òfìfo lójú ìran láìmọ̀ ìdí tí àgbà fi ń rẹ́rìn-ín tàbí tí ó fi ń mirí. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ayàwòrán. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, kò jìnnà sí Ìrè, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ìtàgé. Kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Onírè àti àwọn aláwòrò Ògún, kí wọ́n ká oríṣiríṣi ẹ̀dà ìtàn náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní èdè Èkìtì, kí wọ́n sì gbé e fún àwọn tó mọ àwòrán yà. Ìtàn wà nílẹ̀, ọwọ́ tí yóò yà á wà. Ohun tí ó kù ni kí àwọn méjèèjì pàdé nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ṣì wà láyé.