Bertha Benz àti Mọ́tò tí Ó Kọ̀



Ta ni kò rí i rí? Ilẹ̀ mọ́, onímọ́tò fẹ́ jáde. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, mọ́tò kò dáhùn. Wọ́n tì í, ó wúkọ́ bí arúgbó, ó tún dákẹ́. Nígbà tí ó sì jí, epo tí ń tó o fún ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi mu ún tán. Ẹlòmíràn á ní ogbó ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí fi hàn pé ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní January 29, 1886, Karl Benz, ará ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, béèrè ìwé àṣẹ fún mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣe. Àwọn ènìyàn wò ó, ṣùgbọ́n wọn kò rà á. Ní August 1888, Bertha aya rẹ̀ mú àwọn ọmọkùnrin wọn méjì, Eugen àti Richard, ó gbé mọ́tò kan láìsọ fún baálé rẹ̀, ó di Pforzheim, ìlú tí a gbé bí i. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí máìlì 65. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi mọ́tò tí ń lo epo rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà náà kò sí kọ́kọ́rọ́ tí a ń yí. Àgbá irin ńlá kan wà lẹ́yìn mọ́tò, ọwọ́ ni a fi ń yí i kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Kò sì sí mẹkáníìkì lọ́nà.

Epo kọ́kọ́ tán. Ní Wiesloch, Bertha ra ligroin lọ́dọ̀ apòògùn, èyí tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Nígbà tí ó yá, ìdọ̀tí dí ihò epo. Ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tí ó fi de fìlà rẹ̀ mọ́ irun, ó fi tú u. Waya iná bó. Ó fi ìdè ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Igi búréèkì jẹ tán. Ó ní kí aránbàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Bí òkè bá ga jù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í. Wọ́n dé Pforzheim ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni Benz fi jíà tí ó lágbára fún òkè kún mọ́tò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: kò pààrọ̀ ohunkóhun kí ó tó wádìí. Àwa tí a ní ògbólógbòó mọ́tò náà, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ epo ń dé kabúrétọ̀, tàbí ìdọ̀tí ti dí i? Ǹjẹ́ iná ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, tàbí èédú ti bò ó? Ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ ń wọlé tó? Bí eruku bá dí ojú asẹ́ afẹ́fẹ́, epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú á máa jáde, owó wa sì ni ń jó yẹn. Ǹjẹ́ búréèkì kò dì mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò? Ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ táyà pé?

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá bi mọ́tò rẹ̀ ní ìbéèrè kí ó tó ra irin titun, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò.