Asà Iná Kì Í Ṣe Ọgbà Iná: Ìtàn Ohun Tí À Ń Gbé Síwájú Ààrò



Ìdílé kan nínú wa kó lọ sí ilé àtijọ́ kan tí ààrò wà nínú ògiri pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ra asà iná onídẹ kan ní ọjà àlòkù, ó ń dán gbinrin. Gbogbo àwa tí a lọ kí wọn kú ilé tuntun ni a yìn ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, gbá a mú láti fi dìde. Asà wó lulẹ̀, ọmọ sì ṣubú lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn kò dá iná lọ́jọ́ náà. Ewu iná kì í pa àwòdì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú wa bi ara wa léèrè pé: kí ni wọ́n tilẹ̀ ṣe irú asà bẹ́ẹ̀ fún?

Nílé wa, ẹ̀yìnkùlé tàbí ilé ìdáná ni ààrò máa ń wà. A kì í dáná sí ibi tí àlejò ń jókòó. Òtútù ló mú kí àwọn Òyìnbó gbé iná wọ pálọ̀. Láyé àtijọ́, àárín gbọ̀ngàn ni wọ́n ń dá a sí, èéfín a sì gba òrùlé jáde. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a fi ìdérí amọ̀ tàbí ti irin bo ẹyinná, kí ó má baà jó ilé mọ́ wọn lórí. Ọ̀rọ̀ Faransé fún bíbo iná yìí ni ó di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, curfew, tí àwa ń pè ní kónílé-ó-gbélé. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ tí ìjọba ológun fi ń lé wa wọlé, ààbò lọ́wọ́ iná ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ààrò wọ inú ògiri, wọ́n sì la ihò èéfín fún un. Ní nǹkan bí ọdún 1700 sí 1800, asà iná di ohun ọ̀ṣọ́ nílé àwọn ọlọ́rọ̀. Òmíràn jẹ́ férémù ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Òmíràn jẹ́ ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí asà kékeré ń lọ sókè sódò lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé a fi òwú aláràbarà ya òdòdó àti ẹyẹ sí i. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kí ooru má baà pọ̀ jù lójú ẹni tó jókòó nítòsí. Ojú àgbà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé.

Ṣùgbọ́n iná kò mọ ọlọ́rọ̀. Láàárín ọdún 1850 sí 1870, àwọn obìnrin ń wọ yẹ̀rì tí a fi irin ṣe egungun rẹ̀, tó ń fẹ aṣọ bí agbòjò. Aṣọ a kan ààrò kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó mọ̀. Ní ọdún 1871, ní Ireland, iná ààrò mú aṣọ ọ̀kan nínú àwọn ọbàkan òǹkọ̀wé Oscar Wilde níbi ijó. Èkejì fẹ́ gbà á là, iná mú òun náà. Àwọn méjèèjì ló kú.

Ti àwọn ọmọdé ló burú jù, pàápàá nílé àwọn tálákà tí ìyá ní láti jáde lọ ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà di ti Ilé Aṣòfin ni òfin àwọn ọmọdé ti ọdún 1908 sọ pé bí alágbàtọ́ bá fi ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 7 sí yàrá tí ààrò rẹ̀ kò ní ààbò tó péye, tí ọmọ náà sì kú tàbí fara pa gidigidi, yóò san owó ìtanràn tó lè tó £10. Ní ọdún 1952, wọ́n gbé ọjọ́ orí náà dé 12, wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlémóoru kún un. Ọdún kan náà ni òfin mìíràn kà á léèwọ̀ láti ta ẹ̀rọ amúlémóoru oníná mànàmáná, ti gáàsì tàbí ti epo láìní ààbò níwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, inú yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ẹ̀rọ oníkẹrosíìnì ni wọ́n sì fi ń yá iná. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì fẹsẹ̀ gbá a, ilé di iná. Ní ọdún 1960 ni òfin tún dé fún bí wọn yóò ṣe máa ṣe ẹ̀rọ náà.

Lẹ́yìn èéfín olóró tó bo Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1956 bẹ̀rẹ̀ sí í lé èédú kúrò nínú ilé. Ọ̀pọ̀ dí ààrò wọn pa, asà di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ìdí nìyí tó fi kún ọjà àlòkù. Àwọn kan sì ti ń ṣí ààrò padà báyìí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà, kó kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Asà fún ẹwà wà. Àwọ̀n tó ń dá ẹyinná tó bá ta jáde dúró wà; òun lè gbóná jọjọ, kò sì ṣeé fara tì. Èyí tí àwa ń pè ní ọgbà iná ni èyí tó yí ààrò ká, tó jìnnà sí iná, tí a fi ìkọ́ so mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ti àwọ̀n, ẹ wá àmì BS 3248. Ti ọgbà iná, BS 8423. Ẹ gbọ̀n ọ́n wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì sá aṣọ lé e o!

Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé tí a sọ ìtàn wọn ti kan ọgbà iná mọ́ ògiri. Asà idẹ wọn ṣì wà, ó ṣì ń dán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ààrò bá ti tutù, ni wọ́n ń gbé e síta fún àlejò wò.