Ta Ló Ń San Owó Iná? Ìtàn Iye Tí A Fi Ń Ra Iná Mànàmáná, Láti Ìjọrà Dé Adó-Èkìtì

  Ètò tòní dá lórí ìbéèrè kan tó ń jáde lẹ́nu gbogbo ará Adó-Èkìtì, láti Ajílòsun dé Bàsírì, nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá ra iná sórí mítà tí yúnìtì tó wọlé kò sì tó nǹkan: kí ló dé tí iná fi wọ́n tó báyìí?

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìwọra àwọn oníná ló fà á. A ò sọ pé ìwọra ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí a bá tọpa ìtàn iná ní Nàìjíríà, a ó rí i pé owó tí wọ́n kọ sórí bílì kì í fìgbà kankan jẹ́ gbogbo owó tí a san. Ẹnìkan máa ń san ìyókù níbìkan. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: ta ni ẹni náà?

Nígbà tí kò tíì sí wáyà, kálukú ló ń ra ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Àtùpà elépo pupa ni, lẹ́yìn náà fìtílà àti láńtà tó ń lo kẹrosíìnì. Bí epo bá tán, ilé yín nìkan ló ṣókùnkùn. Kò sí pé ẹ̀ ń bá ẹnikẹ́ni ní Àbújá jà.

Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ pèsè iná mànàmáná ní Èkó. Ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó amúnisìn àti ọ́fíìsì wọn ló sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ní 1923, ilé iṣẹ́ apèsè-iná Ìjọrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1929, ilé iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní NESCO bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára omi pèsè iná ní agbègbè Jos, nítorí àwọn tó ń wa tánganran níbẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí owó òyìnbó wà ni iná ń tọ̀ lọ. Ìlú ńlá lè ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tí PWD tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó, ṣùgbọ́n abúlé tí kò ní ohun tí amúnisìn fẹ́ kó, inú òkùnkùn ló wà.

Ní 1950, òfin dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ECN, láti kó àwọn ẹ̀rọ tó wà káàkiri wọ̀nyí sábẹ́ òrùlé kan. Ní 1962 ni wọ́n tún dá Niger Dams Authority sílẹ̀, iṣẹ́ tiwọn sì ni láti kọ́ ìdídò sórí odò Ọya.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dá etí yín sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdídò Kainji ní 1964, wọ́n sì ṣí i ní 1969. Ilé iṣẹ́ Impregilo láti Ítálì wà lára àwọn tó kọ́ ọ, Báǹkì Àgbáyé sì yá ìjọba lára owó rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé iná tí omi ń pèsè kò yẹ kó gbówó lórí, torí ẹnikẹ́ni kì í ra omi odò. Òótọ́ ni pé omi kò ní iye, ṣùgbọ́n kọnkéré, irin, ẹ̀rọ àti èlé owó tí a yá ní iye. Ohun tí ẹ̀ ń san níbẹ̀ ni gbèsè ìkọ́lé, yálà iná tàn tàbí kò tàn. Owó mìíràn sì wà tí kò wọ inú bílì ẹnikẹ́ni rárá: bíi 44,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò ní Bussa àtijọ́ àti àwọn ìlú tó yí i ká, kí omi lè bo ilẹ̀ baba wọn. Àwọn náà san owó iná, kí wáyà tiẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1972, wọ́n pa ECN àti Niger Dams Authority pọ̀, NEPA sì délẹ̀. Mi ò ní láti ṣàlàyé NEPA fún ẹnikẹ́ni. Títí dòní, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí NEPA ti kógbá sílé ṣì ń pariwo "Up NEPA!" bí iná bá dé.

Ìlànà NEPA ni pé iye kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń san fún ẹ̀yà oníbàárà kan náà. Ẹni tó wà ní Adó kò ní san ju ẹni tó wà ní Èkó lọ. Ó dára létí, ó sì ran ìlú tó jìnnà sí ilé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ń sọ iye tí iná máa jẹ́, kò sì sí ìjọba ológun tàbí ti alágbádá tó fẹ́ kí aráàlú bínú sí òun. Bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i, owó iná dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí owó tó ń wọlé kò tó owó tó ń jáde, àtúnṣe ni wọ́n kọ́kọ́ pa tì. Tiransifọ́ma gbó, wáyà já, láàárín 1990 sí 1999 kò sì sí ilé ẹ̀rọ ńlá tuntun tí wọ́n ṣí.

Nítorí náà, iná olówó pọ́ọ́kú yẹn kò pọ́ọ́kú rárá. Ẹni tó san owó díẹ̀ fún NEPA ló tún ra jẹnẹrétọ̀, tó ń ra epo sí i lójoojúmọ́, tó tún ń fa èéfín rẹ̀ símú. Aláwọ̀ irun, oníwẹ́dà, ẹlẹ́ja dídì, gbogbo wọn ló ń san owó iná lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bílì kan ṣoṣo ni wọ́n rí kà.

Láàárín àkókò yẹn náà ni nǹkan mìíràn yí padà. Láti àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ilé ẹ̀rọ Ẹ̀gbìn nítòsí Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gáàsì ń di oúnjẹ iná Nàìjíríà, títí ó fi ju omi lọ. Gáàsì yàtọ̀ sí odò. Wọ́n ń rà á ni, dọ́là ni wọ́n sì fi ń pe iye rẹ̀. Ní 2024, iye tí àjọ tó ń ṣàkóso epo fọwọ́ sí fún gáàsì apèsè-iná jẹ́ dọ́là 2.42 fún òṣùwọ̀n kan. Nítorí náà, bí náírà bá ṣubú ní Èkó, iná á wọ́n ní Òkèṣà.

Ní 2005, ìjọba Ọbásanjọ́ ṣe òfin tuntun. NEPA di PHCN, wọ́n sì dá àjọ NERC sílẹ̀ láti máa pinnu owó iná. Ní 2008, NERC gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní MYTO, èyí tó ní kí owó iná máa tẹ̀lé nǹkan mẹ́rin: bí ọjà ṣe wọ́n tó, iye tí a fi ń ra dọ́là, owó gáàsì, àti bí iná tó wà nílẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi iyán ṣàlàyé rẹ̀, torí Èkìtì la wà. Owó tí ẹ san fún àwo iyán kan kì í ṣe owó iṣu nìkan. Owó iṣu wà níbẹ̀, ìyẹn ni gáàsì àti ilé ẹ̀rọ. Owó ọkọ̀ tó gbé iṣu dé wà níbẹ̀, ìyẹn ni àwọn wáyà ńlá tí TCN ń bójú tó. Owó ẹni tó gún un, tó bù ú, tó gbé e síwájú yín wà níbẹ̀, ìyẹn ni ilé iṣẹ́ tó ń pín iná. Owó-orí VAT tún wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní nínú àwo mẹ́wàá tí ìyá olóúnjẹ bù, ọ̀kan dà nù, ẹni méjì sì jẹun tán tí wọ́n sá lọ. Àwọn méje tó kù ni yóò pín owó àwo mẹ́wàá san. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná rí. Iná tó ṣòfò lórí wáyà tó ti gbó, èyí tí àwọn kan jí lò, àti bílì tí ẹnikẹ́ni kò san, àní ti ọ́fíìsì ìjọba, gbogbo rẹ̀ ń wọ inú iye tí olóòótọ́ ń san.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n kó àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ Èkìtì bọ́ sábẹ́ BEDC ti Benin, pẹ̀lú Edo, Delta àti Oǹdó. Dọ́là kan jẹ́ bíi náírà 160 nígbà yẹn. Ní ìparí 2024, ó ti ju náírà 1,400 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gbé owó iná sókè, kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà méjì yẹn.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé owó tí kò hàn. Ní àdúgbò púpọ̀ káàkiri Nàìjíríà, bí tiransifọ́ma bá bàjẹ́, ẹgbẹ́ onílé ló ń dá owó jọ láti tún un ṣe tàbí láti ra tuntun. Wọ́n ra òpó, wọ́n ra wáyà. NERC ní ìlànà tó sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn, kí ilé iṣẹ́ náà lè san án padà. Èèyàn mélòó nínú yín ló ti rí ìwé náà sójú?

Ohun tó tún burú ju owó lọ wà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ifásitì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì jáde láti fẹ̀hónú hàn nítorí òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì kú. Àwọn ọmọ yẹn kò jáde torí iná wọ́n. Iná tí wọn ò rí ló gbé wọn jáde.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni NERC gbé ètò bándì dé: iye wákàtí tí iná ń wà ni yóò pinnu iye tí ẹ máa san. Bándì A, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Fídà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò yín ló ń pín yín sí bándì, kì í ṣe bí ẹ ṣe lówó tó. Akọ́wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì lè wà ní A, kí ọ̀gá rẹ̀ wà ní D.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC yọ ìrànwọ́ ìjọba kúrò lórí Bándì A. Yúnìtì kan fò láti bíi náírà 68 sí 225. Wọ́n dín in kù sí 206.80 ní oṣù karùn-ún, ó tún di 209.50 ní oṣù keje. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Pẹ̀lú VAT tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, náírà 10,000 ń ra bíi yúnìtì 137 tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje, bíi 44 ló ń rà. Áyọ́ọ̀nù oníwọ́ọ̀tì 1,000 a máa jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan. Fáànù oníwọ́ọ̀tì 75 lè fi yúnìtì kan náà ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́tàlá. Nítorí náà, ohun tó ń gbóná ni kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe gílóòbù.

Àwọn tó kù ní Bándì B sí E ṣì ń san iye tí kò tó ohun tí iná ń náni. Ìjọba àpapọ̀ ló ní òun yóò san ìyókù. Bí kò bá san án, gbèsè ló ń di, lọ́rùn àwọn tó ń pèsè iná àti àwọn tó ń ta gáàsì. Ẹ ò rí i? Ìtàn NEPA ló tún padà wá, aṣọ ló pààrọ̀.

Ibo wá ni Èkìtì wà báyìí? Ní 2023, àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè àti òfin iná tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti ṣàkóso ọjà iná wọn. Èkìtì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ nawọ́ gbà á. Ní 2024, NERC gbé àṣẹ jáde láti fa àkóso náà lé àjọ ìpínlẹ̀ wa lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń pinnu owó iná yín ti kúrò ní Àbújá, wọ́n ti di ará ilé.

Enugu, tó gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, dín Bándì A kù sí bíi náírà 160 láti oṣù kẹjọ ọdún 2025. Inú aráàlú dùn. Ṣùgbọ́n kíá ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: iye kékeré tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún pípèsè iná, ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n gbára lé. Ta ni yóò san ìyókù?

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí àwa náà gbé lọ síwájú àjọ Èkìtì, kí wọ́n tó sọ pé owó gòkè tàbí ó wálẹ̀. Iná mélòó ló ń ṣòfò, ta sì ni yóò san án? Ọ́fíìsì ìjọba wo ló jẹ gbèsè? Tiransifọ́ma tí àdúgbò rà, ìgbà wo ni wọn yóò san owó rẹ̀ padà? Bí fídà Bándì A kò bá fúnni ní wákàtí 20, kí ni ìjìyà rẹ̀?

Ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyẹn. Bí àdúgbò yín bá ti ra tiransifọ́ma rí, ẹ kọ ọdún tí ẹ rà á àti iye tí ẹ dá ránṣẹ́ sí wa. A fẹ́ kà wọ́n lórí ètò tó ń bọ̀, kí owó tí kò hàn lè hàn. Ó dìgbà o.