Sáàmù 109 àti Èpè Nínú Ìjọ Kristi

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde nínú kíláàsì mi láìpẹ́ yìí, ó ní èpè kì í ṣe ti onígbàgbọ́, pé ti àwọn adáhunṣe ni. Mo bi í bóyá ó mọ Sáàmù 109. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ta ni kò mọ ìyá àgbà kan tó ń fi Sáàmù yẹn ṣọ́ òru nítorí àwọn ọ̀tá? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn rẹ̀.

Ní ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awalẹ̀pìtàn wa ìsun omi gbígbóná kan ní 1979 sí 1980. Wọ́n rí nǹkan bí 130 òjé pẹlẹbẹ tí àwọn ènìyàn ayé Róòmù kọ èpè sí, tí wọ́n jù sínú omi fún òrìṣà Sulis Minerva. Annianus, tí wọ́n jí owó fàdákà mẹ́fà nínú àpò rẹ̀, ṣẹ́ èpè fún olè náà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹrú tàbí ẹni òmìnira, abọ̀rìṣà tàbí Kristẹni. Owó mẹ́fà péré! Èpè pọ̀ ju ohun tó nù lọ: abẹ́rẹ́ sọnù, wọ́n gbé Ṣàngó.

Àwọn Kristẹni náà kò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún abọ̀rìṣà. Ní Íjíbítì, àwọn tí a fìyà jẹ kọ èpè ní èdè Kóptíkì, wọ́n pe Ọlọ́run, Máíkẹ́lì àti Gébúrẹ́lì kí wọ́n bá wọn gbẹ̀san. Ní 694, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Toledo, ní Sípéènì, ṣòfin lòdì sí àlùfáà tó bá ṣe Máàsì òkú fún ẹni tó wà láàyè, kí onítọ̀hún lè kú. A kì í ṣòfin lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn. Bí ìjòyè bá gba ilẹ̀ wọn, wọn kò ní ọmọ ogun tí wọn yóò rán sí i. Wọn a gbé eegun àwọn ẹni mímọ́ kúrò lórí pẹpẹ, wọn a tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn a fi ẹ̀gún bò ó, wọn a sì gé ègún fún ìjòyè náà. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè, ẹ kíyè sí ohùn àti fáwẹ́lì: eegun, ẹ̀gún, ègún!) Ẹni mímọ́ tí a dójú tì bẹ́ẹ̀ yóò bínú, yóò sì jà. Ìpàdé ìjọ ní Lyon ní 1274 ló fòfin de gbígbé eegun wọn sílẹ̀ báyìí.

Èyí kò pa èpè. John Calvin kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Sáàmù, ní 1557, pé àwọn ènìyàn ń bẹ mọ́ńkì lọ́wẹ̀ kí wọ́n máa ka Sáàmù 109 lójoojúmọ́ sí ọ̀tá wọn. Ó ní òun mọ obìnrin kan ní Faransé tó ṣe é sí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó pè é ní ohun ìríra. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà, bí obìnrin alágbe bá ráhùn lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò ta á lọ́rẹ, tí màlúù onílé sì kú, àjẹ́ ni wọn yóò pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà, tó bá ti ẹnu bíṣọ́ọ̀bù jáde, àdúrà ni.

Ẹ wo Gavin Dunbar, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Glasgow. Ní 1525, ó gbé àwọn olè tó ń da ẹnubodè Skọ́tílándì àti Gẹ̀ẹ́sì láàmú ṣépè. Ó fi orí wọn bú, ó fi irun wọn bú, ó fi ọpọlọ wọn bú, títí dé ẹsẹ̀. Ní 2001, wọ́n fín díẹ̀ nínú èpè náà sára òkúta ńlá kan ní ìlú Carlisle. Àrùn pa ẹran ọ̀sìn lágbègbè náà lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà já kúrò nínú líìgì ní 2004, àgbàrá ńlá sì wọlé ní oṣù kìíní 2005. Ni àwọn kan bá ní òkúta ni. Wọ́n gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú ní 2005 kan náà pé kí a gbé e kúrò tàbí kí a fọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ dìbò, wọ́n sì fi òkúta náà sílẹ̀ síbi tó wà.