Ohùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́ Rí, Orúkọ Tí Wọn Kò Dá

Nínú eré orí rédíò, etí ni olùgbọ́ fi ń ríran. Bí ẹṣin bá ń sáré, òṣìṣẹ́ a fi èèpo àgbọn méjì lura. Bí àrá bá ń sán, a mi páànù. Ṣùgbọ́n báwo ni ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ ṣe ń dún?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka Pierre Schaeffer, tó fi ìró ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní Paris ní 1948, sí aṣáájú iṣẹ́ yìí. Ọmọ Áfíríkà ti ṣíwájú rẹ̀. Ní 1944, Halim El-Dabh, ọmọ Íjíbítì, yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Kairo, ó gba orin àwọn obìnrin níbi ètùtù zaar sílẹ̀, ó sì yí ohùn wọn padà di nǹkan mìíràn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Daphne Oram kò jẹ́ kí àwọn ọ̀gá BBC sinmi títí wọ́n fi dá iyàrá ìṣẹ̀dá ohùn sílẹ̀ ní 1958. Delia Derbyshire, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti orin ní Cambridge, dé ibẹ̀ ní 1962. Lọ́dún kejì, Ron Grainer kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n Doctor Who. Delia ló sọ ọ́ di ohùn: ó ṣe ìró kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí téèpù, ó fi abẹ́ gé e, ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Brian Hodgson, fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha wáyà dùùrù àtijọ́. Ìró yẹn ló di ohùn ọkọ̀ inú eré náà.

Grainer fẹ́ kí wọ́n ka Delia mọ́ ẹni tó ni orin náà. Òfin BBC kò gbà. Delia kú ní 2001. Ọdún 2013 ni orúkọ rẹ̀ tó hàn lẹ́yìn eré ọ̀hún.

Lónìí, ọ̀dọ́ kan ní Ayọ̀bọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè fi wákàtí díẹ̀ ṣe ohun tó gba Delia ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Irinṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro mọ́. Ohun tó kù ni kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa máa dárúkọ ẹni tó ṣe ohùn eré, bí wọ́n ṣe ń dárúkọ òṣèré. Yinniyinni, kẹ́ni lè ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n ojú ayé ẹni ló yẹ kí ìyìn ti dé.